Okùn Kì í Ṣe Ìkọ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Jos! Ìkọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì píkọ́ọ̀pù àwọn kan nínú wa ti ṣẹ́; okùn ni wọ́n fi so ó, tí wọ́n fi ń kó tòmátì rìn. A kò fara mọ́ ọn rárá. Bí okùn bá já lórí eré, afẹ́fẹ́ yóò gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì bo gíláàsì iwájú, ojú awakọ̀ yóò sì dí. Àwọn èrò ẹ̀yìn ńkọ́? Ẹ ra ìkọ́ mìíràn. Bóòtù díẹ̀ ni ó dè é. Kí ẹ tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ẹ fi sukurudíráfà ti ìkọ́ náà pa, kí ẹ fa wáyà rẹ̀ wò bóyá yóò ṣí. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.