Ìlà Pupa Aago Mẹ́jọ

Wọ́n tún ti kọ ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ sí ẹnìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka abala yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ̀ pé ìjà èmi àti ìwé náà ti pẹ́, ṣùgbọ́n ti ọ̀sẹ̀ yìí dùn mí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Obìnrin tí wọ́n kọ ọ́ sí ń ti Ìgèdè lọ síṣẹ́ l'Ádó, ní Èkìtì. Kò jí owó, kò rí ọ̀gá fín. Àìsàn ìsoríkọ́ ló ń bá a fínra. Láago mẹ́ta òru ojú rẹ̀ á là, oorun ti lọ nìyẹn, á máa wo àjà títí àkùkọ á fi kọ. Nígbà tó bá wá yẹ kó dìde, ara kò ní gbé e. Ó ti wẹ̀, ó ti wọṣọ, á tún jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́. Á máa gbọ́ bí àwọn onímọ́tò ṣe ń pe "Ìyìn, Adó!" lójú títì, kò sì ní lè mira. Kó tó dé ọ́fíìsì, wọ́n á ti fa ìlà pupa.

Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí kò nílò àlàyé. Ìwé gbàgàdà kan ló wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà: orúkọ rẹ, àkókò tí o dé, ìfọwọ́sí rẹ. Bí aago mẹ́jọ bá ti lù, ẹni tó wà nídìí ìwé á fi rúlà àti bírò pupa fa ìlà já ojú ewé náà. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìlà ti di apẹ́lẹ́yìn. Orúkọ obìnrin yìí pẹ́ nísàlẹ̀ títí ìwé fi dé: kó wá ṣàlàyé láàárín wákàtí 24 ìdí tí wọn kò fi ní bá a wí.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ lónìí: ìlà pupa, òfin, àti bí òṣìṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ ṣe lè tọrọ ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́.

Èkínní, ìlà pupa. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, yóò sọ fún yín pé kí ènìyàn máa jí ṣáájú kí ilẹ̀ tó mọ́, kí òwúrọ̀ sì jẹ́ ìgbà tó burú jù fún un, wà lára àmì ìsoríkọ́. Ọ̀pọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni ara á tún fúyẹ́ fún bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀. Ìlà náà kò wá bọ́ síbòmíì, àfi orí wákàtí tí àìsàn ń jà jù lọ gan-an. Ẹni tí ibà ń ṣe, ìlà lè mú un lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹni tí ìsoríkọ́ ń ṣe, á máa mú un láràárọ̀. Obìnrin tí mo ń sọ yìí, bó bá di aago mọ́kànlá, fáìlì tó wà níwájú rẹ̀ ń lọ dáadáa ni. Ta ló ń fa ìlà nírọ̀lẹ́ fún àwọn tó ti sá lọ láago méjì? Irú bírò wo ni wọ́n fi ń ṣèṣirò iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe láàárín àárọ̀ àti alẹ́? Mo ti béèrè rí nínú abala yìí, n ó tún máa béèrè.

Bàbá mi ṣe tíṣà. Ní sáà kan tí mo wà lọ́mọdé, ọkàn rẹ̀ wó, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́, kò fá irùngbọ̀n. Hẹ́dímásítà rẹ̀ a máa yà nílé wa láàárọ̀, á fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, á jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá mi á gbé iṣu sísun àti epo pupa síwájú wọn. Hẹ́dímásítà á bó èèpo iṣu náà díẹ̀díẹ̀, á tì í sọ́dọ̀ bàbá mi, kò ní sọ pé "ẹ mọ́kàn le", kò ní béèrè ohunkóhun. Ìṣirò àárọ̀ tó jẹ́ ti bàbá mi, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ kọ́ àwọn ọmọ náà, ó wá fún bàbá mi ní kíláàsì ọ̀sán. Kò sẹ́ni tó fi ìwé kankan ránṣẹ́ sí i. Bàbá mi bọ̀ sípò, ó sì ṣiṣẹ́ náà títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Mo sọ ìtàn yìí fún ọ̀gá kan, ó ní bí òun bá gbà fún ẹnìkan, gbogbo òṣìṣẹ́ ni yóò máa pe ara wọn ní aláìsàn ọkàn. Níbí kẹ̀? Ní ilẹ̀ tí àwọn ẹbí ṣì ń wádìí bóyá wèrè wà nínú ìdílé kí wọ́n tó fọmọ fún ni? Ta ni yóò fi irú àìsàn yìí purọ́ nítorí wákàtí méjì? Ẹni tó bá ti lè la ẹnu sọ ọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ti débi tí kò mọ èyí tí ì bá tún ṣe.

Ọ̀gá náà tún ní àìsàn òyìnbó ni. Mo fẹ́ kí ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Òyìnbó ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ní 1953, dókítà kan tó ń jẹ́ Carothers kọ ìwé fún àjọ ìlera àgbáyé, WHO, pé ìsoríkọ́ ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ènìyàn aláwọ̀ dúdú. Ọmọ Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell lọ wádìí rẹ̀ lábúlé àti nígboro ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, wọ́n sì tẹ ìwé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1963: àmì ìsoríkọ́ pọ̀ láàárín àwa Yorùbá. Lambo yìí kan náà ló dá ètò abúlé sílẹ̀ ní Aró ní 1954, tí àwọn aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, tí wọ́n ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ wà lára oògùn, bí àwọn tó yí ènìyàn ká bá gbà fún un.

Èkejì, òfin. Títí di oṣù kìíní 2023 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, òfin wèrè tí gbòǹgbò rẹ̀ ti 1916 wá la ń lò. Tuntun yìí ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi àìsàn ọpọlọ ya ènìyàn sọ́tọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Òfin iṣẹ́ fún lébìrà àti akọ̀wé ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún pẹ̀lú owó, bí dókítà bá ti jẹ́rìí sí àìsàn náà. Òfin owó ìtanràn òṣìṣẹ́ ti 2010, tí agbanisíṣẹ́ fi ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ fún àjọ NSITF tó ń bójú tó owó náà, dárúkọ ìnira ọkàn tí iṣẹ́ fà.  

Ẹ̀kẹta, bí a ṣe ń tọrọ ìrànlọ́wọ́. Ìwé tí dókítà fi ń jẹ́rìí sí àìsàn ńkọ́? Orúkọ ẹ̀ka ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ á wà lórí rẹ̀ gàdàgbà. Á ti ọwọ́ akọ̀wé dé ọwọ́ ìránṣẹ́, wọ́n á ti mọ̀ ọ́n nílé oúnjẹ kó tó dé tábìlì ọ̀gá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń purọ́ pé ibà ni. Agbanisíṣẹ́ tó bá fẹ́ ran ènìyàn lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ yan ẹnìkan ṣoṣo tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò máa dé ọwọ́ rẹ̀, kí onítọ̀hún sì mọ ẹnu dì. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Èkìtì ti jà lórí àjẹsílẹ̀ owó oṣù, wọ́n mọ bí àìrówó ṣe ń wó ọkàn ènìyàn. N kò tíì gbọ́ kí wọ́n gbé ìlà pupa lọ sórí tábìlì ìjíròrò. Kí wọ́n gbé e lọ. Ẹ̀yin tí ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ sì wà lọ́wọ́ yín báyìí, ẹ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní ilé ìwòsàn EKSUTH l'Ádó, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, kí ẹ mú ẹni tí ẹ fọkàn tán dání. Ẹ má kọ "mo tọrọ àforíjì" sínú èsì. Ẹ kọ ọ́ pé ara yín kò dá, pé ẹ ti rí dókítà, pé aago mẹ́wàá ni ẹ fẹ́ máa wọlé títí dókítà á fi ní ó tó, pé ẹ ó fi ìrọ̀lẹ́ dí i, kí ẹ sì mú ẹ̀dà rẹ̀ kan lọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín kí ẹ tó fi í sílẹ̀.