Ẹ Jẹ́ Kí A San Owó Ìwé

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú wa máa ń sọ nígbà tí òǹkọ̀wé kan bá gbé ìwé ìtàn-àròsọ tí ó fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ wá síwájú wọn. Wọn a yí ìwé náà síwá sẹ́yìn, wọn a sì bi í pé, "Ilé ìtẹ̀wé wo ni ó gbà á tẹ̀?" Bí ó bá dáhùn pé òun tìkara òun ni, wọn a rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yìí ni àwa dìde sí lónìí.

Bí ìwé tí ẹni tí ó kọ ọ́ tẹ̀ jáde kì í bá ṣe ìwé, a jẹ́ pé a kò gbọdọ̀ ka I. B. Thomas kún. Ní 1929 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá ní lẹ́tà-lẹ́tà sínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ní 1930 ó kó wọn jọ, ó sọ wọ́n di odindi ìwé. Ọdún 8 kọjá lẹ́yìn èyí kí Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà tó jáde ní 1938. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Walt Whitman fi owó ara rẹ̀ tẹ ewì rẹ̀ ní 1855, ó tilẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ to díẹ̀ nínú lẹ́tà inú rẹ̀. Kí ni ó wá dé tí a ó fi máa gan ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Èmùré tí ó ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo bí ó ti ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ olùkọ́: ọ̀sán ni ti ìjọba, òru ni ti ìwé. Yóò yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, yóò gbé iṣẹ́ lọ sí Adó tàbí Àkúrẹ́, onítẹ̀wé kò sì ní fọwọ́ kàn án bí kò bá rí àsansílẹ̀. Nígbà tí ìwé bá jáde, abẹ́ ibùsùn ni ìsọ̀ rẹ̀. Yóò gbé páálí lé ọ̀kadà, yóò máa ti ilé ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí èkejì. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yóò gba ẹ̀dà 20 ní àwìn, ọdún yóò sì yí po kí ó tó rí owó. Òfin ilé ìkàwé àpapọ̀ ti 1970 sì ní kí ó fi ẹ̀dà 3 ránṣẹ́ láti inú àpò ara rẹ̀. A kò bínú sí òfin náà. Ìjọba tí ó gba mẹ́ta pamọ́ sàn ju ọ̀rẹ́ tí ó gba mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́ tí kò sì ní ṣí ọ̀kan wò.

Ọjọ́ ìkójáde ìwé ńkọ́? Olóyè a dìde, a ní òun ra ẹ̀dà kan ní iye tí ó tó ra màlúù, àtẹ́wọ́ a ró gbọ̀ngàn. Bí òǹkọ̀wé bá lọ gba owó náà, wọn a ní Bàbá ti lọ sí Abuja. Ẹ má bínú sí wa, ẹ̀yin ọlọ́lá. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn mọ ara wọn.

Bí a kò bá ra ìwé tiwa, àlejò ni yóò máa sọ ìtàn wa fún wa. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, agbẹ́gilére Arínjalẹ̀, tí ó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ní 1924 a gbé e lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley. Kò padà mọ́: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù gbà á, Ògògà sì gba ìtẹ́ tí a ṣe ní ìlú Òyìnbó dípò rẹ̀. Washington ni Roslyn Walker ti gbé ìwé ńlá lórí Ọlọ́wẹ̀ jáde ní 1998. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀; ṣùgbọ́n ohun tí àwọn olorì wí ní òwúrọ̀ tí ilẹ̀kùn náà jáde kúrò láàfin, ọmọ ilé ni yóò mọ bí a ti í fi inú rò ó. Níyì Ọ̀ṣundáre, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí a bí ní 1947, fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọrin àpáta Olósùnta títí ayé fi gbọ́. Ti Yorùbá dà?

Àwọn òǹkọ̀wé náà ní ẹ̀bi tiwọn. Kí wọ́n san owó fún ẹni tí yóò wo àṣìtẹ̀ àti àmì ohùn kí wọ́n tó san ti èèpo ìwé aláràbarà. Kí wọ́n sì jẹ́ kí àgbẹ̀ Èmùré sọ̀rọ̀ bí ará Èkìtì. Ó sú wa kí gbogbo wọn máa fọhùn bí ará Ọ̀yọ́.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí ààfin Ògògà, ti Arínjalẹ̀ àti ti Elémùré máa ra ẹ̀dà 10 nínú ìwé kọ̀ọ̀kan tí ọmọ ìlú wọn bá tẹ̀, kí wọ́n sì san án lójú ẹsẹ̀. Kí àwọn tí wọ́n ṣì jẹ gbèsè ọjọ́ ìkójáde san án kí ọdún Olósùnta tí ń bọ̀ tó kò.