Sátẹ́láìtì Kò Ní Kí A Má Béèrè Ọ̀nà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ìràwọ̀ sí sánmà tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń mọ ọ̀nà lóru. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad. 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lọ́dún yìí kan àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń gun alùpùpù lọ sí ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé máàpù inú fóònù. Àwọn àgbà kan ní ìgbéraga ni, kí á pa á tì. Àwọn ọ̀dọ́ kan sì ní kò sí ohun tí à ń bi ẹnikẹ́ni mọ́. Ní tiwa, a kò bá ìhà méjèèjì lọ.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí Mùsùlùmí. Ní ọdún 1025, al-Biruni parí ìwé kan tí ó fi ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣírò ibi tí ìlú wà lórí ilẹ̀ ayé, kí àwọn ènìyàn lè mọ Kíbílà wọn. GPS tí Amẹ́ríkà ṣe, tí ó pé pérépéré ní 1995, ibi tí a wà náà ni ó ń ṣírò. Àwọn sátẹ́láìtì rẹ̀ ń yí ayé ká ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè. Wọn kò rí wa. Àkókò ni wọ́n ń kéde. Fóònù yóò gbọ́ mẹ́rin ó kéré tán nínú wọn, yóò sì ṣírò ibi tí ó wà. Ìyẹn kò gba dátà. Máàpù ni ó ń gba dátà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti tọ́jú máàpù sínú fóònù kí ó tó kúrò nílé yóò lè lò ó níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ojú wa rí. Ní 2022, a gun alùpùpù láti Ìlọrin lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn fún wòlímọ̀ ọmọ kéú wa kan. A kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ láìsí wàhálà. Nígbà tí a kúrò ní Ìsẹ́yìn, fóònù fi ọ̀nà kúkúrú kan hàn wá. Àgbẹ̀ kan juwọ́ sí wa, a kò dúró, nítorí a rò pé a ti mọ̀ ọ́n. Etí odò ni ọ̀nà náà parí sí. Àgbàrá ti gbé afárá lọ. Ilẹ̀ ń ṣú, epo ń tán lọ. Nígbà tí a padà, àgbẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Ó ní: "Àáfà, ṣebí mo juwọ́ sí yín." Ó fa epo díẹ̀ nínú alùpùpù tirẹ̀ fún wa, ó sì júwe ọ̀nà. Ẹ̀yìn ìrun Ìṣáì ni a débẹ̀. Wọ́n ti ń múra láti wá wa kiri.

Sátẹ́láìtì kò purọ́ fún wa. Ibi tí a wà gan-an ni ó sọ. Máàpù ni kò mọ̀ pé afárá ti lọ. Àgbẹ̀ mọ̀. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wo máàpù kí ẹ tó gbéra. Ẹ má ṣe wò ó lórí eré. Ẹ kọ́kọ́ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ kọ orúkọ àwọn ìlú tí ẹ ó kọjá sínú ìwé, nítorí bátìrì lè kú. Bí ẹ bá dé oríta, ẹ kí àwọn tí ẹ bá níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè. Ẹ̀yin òbí, akoto ni kí ẹ kọ́kọ́ rà fún ọmọ kí ẹ tó ra fóònù.

Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Àmín. Wassalaam.