Ọ̀nà Tí Iná Ń Gbà Dé Ọjà



Ẹni tí ó bá ń ta tòmátì tàbí àlùbọ́sà mọ̀ pé kò sí èrè nínú ẹrù tí ó pọ̀ lóko tí kò rí ọ̀nà dé ìlú. Bí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀, ẹrù a jẹrà sójú ọ̀nà, ẹni tí ń dúró dè é ní Ìbàdàn kò sì ní rí i rà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ iná mànàmáná rí ní ilẹ̀ wa.

Ní ọdún 2021 ni ìjọba wa ṣe ìlérí pé, nígbà tí yóò bá fi di 2060, orílẹ̀-èdè yìí kò ní í fi èéfín kún èyí tí ń ba ojú ọjọ́ jẹ́ mọ́. Èyí fi hàn pé oòrùn àti omi ni a óò gbẹ́kẹ̀ lé. Ọlọ́run kò sì fi méjèèjì dù wá. Oòrùn Sókótó àti Kánò pọ̀ jọjọ. Láti 1968 ni Kainji ti ń fi omi pèsè iná. Jebba àti Shiroro tẹ̀lé e, Zungeru tí agbára rẹ̀ jẹ́ 700 mẹ́gáwáàtì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kún wọn. Ṣùgbọ́n Òkè Ọya ni gbogbo wọn wà, ó sì jìnnà sí Èkó. Àwọn òpó ńláńlá tí ó ti Jebba wá sí Òṣogbo, níbi tí a ti ń darí iná gbogbo orílẹ̀-èdè, ni ọ̀nà ọjà wọn.

Ọ̀nà náà há, ó sì ti gbó. Bí a bá ro agbára àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń pèsè iná wa pọ̀, ó ju 13,000 mẹ́gáwáàtì lọ. Síbẹ̀, ní oṣù March 2025, tí a yọ̀ pé iná pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, 5,801 péré ni ó jẹ́. N kò ní òpó nìkan ni ó fà á. Àìtó gáàsì àti gbèsè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù October 2024, nígbà tí wọ́n ba òpó àti wáyà jẹ́, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Òkè Ọya wà nínú òkùnkùn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní 2023, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára, IEA, sọ pé iṣẹ́ iná oòrùn, ti afẹ́fẹ́ àti irú wọn, tí kò dín ní 3,000,000 mẹ́gáwáàtì, ń dúró de wáyà tí yóò gbé wọn. Láti 2010 títí di ìgbà náà, owó tí ayé ń ná sórí irú iná bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ti òpó àti wáyà kò kúrò ní nǹkan bí bílíọ̀nù 300 dọ́là lọ́dún nígbà náà.

Àwọn kan yóò wí pé kí olúkúlùkù ra sólà tirẹ̀. Ó dára fún ẹni tí ó lówó, ó sì dára fún abúlé tí ó jìnnà. Ṣùgbọ́n kí ni télọ̀, ẹlẹ́ja tútù àti ẹni tí ń lọ ata yóò ṣe? Bí àwọn olówó bá sì fi wáyà gbogbogbòò sílẹ̀, ta ni yóò máa san owó àtúnṣe rẹ̀, bí kò ṣe tálákà?

Òfin iná ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láṣẹ lórí iná tirẹ̀. Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn sì ti gba iṣẹ́ àbójútó náà. Nítorí náà, bí aṣojú yín bá fi ilé-iṣẹ́ sólà yangàn, ẹ bi í léèrè pé: wáyà wo ni yóò gbé iná náà dé ọjà wa, èló ni ẹ sì yà sọ́tọ̀ fún un? Àmánà wa ni owó náà.

Ẹ̀yin tí ń ra irin àti wáyà àlòkù, ẹ má ra èyí tí wọ́n gé lórí òpó. Èrè hàrámù ni, òkùnkùn rẹ̀ yóò sì dé ṣọ́ọ̀bù tiyín náà.

Kí Ọlọ́run fi ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà wa. Àmín.