Omijé Olùkọ́ Nìkan Kò Tó

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti gbọ́ nípa Anne Frank, ọmọbìnrin Júù tí a bí ní Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1929, tí àwọn òbí rẹ̀ sì gbé sá lọ sí Amsterdam nítorí ìjọba Hitler. Ìwé tí ó kọ níbi ìfarapamọ́ ni a sábà máa ń yìn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ rántí pé a ti ilẹ̀kùn ilé-ìwé mọ́ ọn pẹ̀lú.

Ní ọdún 1941, àwọn ará Jámánì tí ó gba ilẹ̀ Holland pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ Júù má ṣe bá àwọn ọmọ yòókù kẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Nígbà tí Anne àti olùkọ́ rẹ̀ ń dágbére, àwọn méjèèjì sọkún. A kò bá olùkọ́ náà wí. Ẹni tí ó fẹ́ràn ọmọ ni í sọkún nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn náà tì.

Ní oṣù keje ọdún 1942, ìdílé náà fara pamọ́ sí ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ènìyàn mẹ́jọ ni ó wà níbẹ̀ nígbẹ̀yìn, pẹpẹ ìwé ni a sì fi bo ẹnu ọ̀nà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí a gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kò dúró. Bàbá Anne di olùkọ́ àwọn ọmọ. Miep Gies àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé oúnjẹ àti ìwé wá fún wọn; Bep Voskuijl sì fi orúkọ ara rẹ̀ gba ẹ̀kọ́ tí a ń fi lẹ́tà kọ́ fún wọn. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni àwọn wọ̀nyí, wọn kì í ṣe olùkọ́. Síbẹ̀ wọ́n ṣe iṣẹ́ olùkọ́ nínú ewu.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1944, àwọn ọlọ́pàá mú wọn. Anne kú ní àgọ́ Bergen-Belsen ní ọdún 1945, kò tíì pé ọmọ ọdún 16. Bàbá rẹ̀ nìkan ni ó yè nínú àwọn mẹ́jọ.

Bí ẹnìkan bá wí pé asán ni làálàá àwọn olùrànlọ́wọ́ náà, a ó dá a lóhùn pé ọdún méjì ni wọ́n fi kún ọjọ́ ayé ọmọ náà, nínú rẹ̀ ni ó sì kọ ìwé rẹ̀.

Igi gańgan-ràn-gan má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Lọ́jọ́ tí a bá pàṣẹ fún wa láti yọ orúkọ ọmọ kan kúrò nínú ìwé kíláàsì nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ǹjẹ́ omijé nìkan ni a ó fi fún un?