Oúnjẹ Kún Ọjà Bódìjà, Kí Ló Dé Tí Ọmọ Agbowó Kò Dàgbà Bó Ti Yẹ?

Ẹni tí ó ń gbé Agbowó kò jìnnà sí oúnjẹ. Ọjà Bódìjà, níbi tí ọkọ̀ ńláńlá ti ń já ẹ̀wà, iṣu àti ata, kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Síbẹ̀, ní àdúgbò kan náà, ènìyàn lè rí ọmọ ọdún méjì kí ó pè é ní ọmọ ọdún kan. Oúnjẹ wọ́n ní tòótọ́, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ní ọdún 2023, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọjá ọ̀wọ́n oúnjẹ.

Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ìlera ará ìlú ní ọdún 2018 fi hàn pé, nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà, 37 ni gíga wọn kò bá ọjọ́ orí wọn mu. Láti ọdún 1990 ni àjọ UNICEF ti ń ṣàlàyé pé nǹkan méjì ni ó ń fa irú èyí tààrà: kí oúnjẹ ọmọ má tó, tàbí kí àìsàn má jẹ́ kí èyí tí ó jẹ ṣe é láǹfààní.

Àìsàn yìí ni a kì í sábà kà mọ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ẹ wo ilé tí yàrá kọjú sí yàrá. Ìdílé mẹ́jọ lè máa lo ṣaláńgá kan, kí kàǹga tí wọ́n ń pọn má sì jìnnà sí i. Ohunkóhun tí ọmọ tí ń rá bá mú nílẹ̀, ẹnu ni ó ń gbé e lọ. Ìgbẹ́ gbuuru á dé, oúnjẹ kò ní wù ú, ìwọ̀nba tí ó jẹ á sì bá ìgbẹ́ lọ. Kí ara rẹ̀ tó le tán, òmíràn á tún ti dé. Ìyá lè máa se ọ̀ọ̀lẹ̀ àti ẹyin fún un lójoojúmọ́, kí ọmọ ṣì máa rù.

Ti ìyá tí ń tajà ní Dùgbẹ̀ tún yàtọ̀. Fífi ọmú nìkan bọ́ ọmọ fún oṣù mẹ́fà kò náni lówó púpọ̀, àkókò ni ó ń gbà. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún abiyamọ tí ó gbaṣẹ́ ní ìlàjì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ta ni yóò fún ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn? Bí kò bá sí ìyá àgbà nílé, ẹ̀gbọ́n tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ ni yóò máa po ògì ṣíṣàn fún un. Ògì tí kò ní ẹ̀pà, edé tàbí sóyà nínú á kún inú ọmọ láìfún un lágbára.

Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà àti àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí wọn àwọn ọmọ déédéé, wọ́n sì ń kọ ọ́ sórí káàdì tí ìyá ń mú lọ sílé. Ìlà orí káàdì lè ti tọ́ka sí i pé nǹkan ń yí padà kí ojú lásán tó rí i pé ọmọ ń rù. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ wà títí di òní. Bí ìlà náà bá dúró sójú kan, kí òṣìṣẹ́ ìlera má fi ìbéèrè rẹ̀ mọ sórí ohun tí ọmọ jẹ. Kí ó tún béèrè ibi tí omi ilé ti ń wá, iye ìdílé tí ó ń lo ṣaláńgá náà, àti ẹni tí ó ń dúró ti ọmọ láti àárọ̀ títí ìyá yóò fi ti ọjà dé.