Ẹ Tan Gílóòbù Sí I Kí Ẹ Tó Tú Pọ́ǹpù

Láti Òṣòdì dé Ìsọlọ̀, agbára káká ni èèyàn fi máa rí àdúgbò tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kò sí. Àwọn ilé-iṣẹ́ Ilasamàjà, àwọn ọsibítù Òkòtà, àwọn tó ń rọ omi sínú ọ̀rá ní Máfolúkù, gbogbo wọn ló mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, tí sítátà ń yí dáadáa, àmọ́ tí ẹ́ńjìnnì kọ̀, tí kò gbaná. Èéfín pàápàá kò yọ lẹ́nu sàlẹ́ńsà.

Èéfín yẹn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ẹ́ńjìnnì oní-dísù tó ń yí láìgbaná, tí epo sì ń dé inú rẹ̀, á máa tu èéfín funfun díẹ̀. Bí kò bá sí èéfín rárá, á jẹ́ pé epo kò dé ibẹ̀ ni. Tí epo bá wà nínú táǹkì, tí fílítà kò dí, tí atẹ́gùn kò sì há sínú páìpù, ó yẹ kí wọ́n yẹ sólẹ́nọ́ìdì tó ń ṣí epo tó sì ń tì í wò. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù epo ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń dá lẹ́bi. Wọ́n á tú u, wọ́n á gbé e lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe, owó gidi á sì bá a lọ.

Wáyà tí wọ́n lọ́ yípo ni sólẹ́nọ́ìdì. Ọ̀pá irin wà láàárín rẹ̀, sípíríǹgì sì ń ti ọ̀pá náà. Tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, iná bátìrì, ì báà jẹ́ fólítì 12 tàbí 24, á fa ọ̀pá yìí, ọ̀nà epo á ṣí. Tí wọ́n bá pa kọ́kọ́rọ́, sípíríǹgì á tì í padà, ẹ́ńjìnnì á kú. (Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tó jẹ́ pé iná ló ń pa wọ́n, kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà níwájú rẹ̀.) Okùn ni wọ́n máa ń fà láti fi pa ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Àǹfààní tí iná bá dé ni ààbò: tí ọ́ìlì bá gbẹ, tàbí tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná jù, ṣíwíìsì tó ń ṣọ́ wọn á já iná sólẹ́nọ́ìdì, ẹ́ńjìnnì á sì kú kó tó ba ara rẹ̀ jẹ́.

Gílóòbù mọ́tò kan tó bá fólítì bátìrì mu, pẹ̀lú wáyà méjì, ti tó láti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹnì kejì gbé ìka lé sólẹ́nọ́ìdì. Ó yẹ kó dún “kẹ́”, kí ìka sì gbọ́ ọ. Tí kò bá dún, kí wọ́n so wáyà kan mọ́ ara ẹ́ńjìnnì níbi tí kò dógùn-ún, kí wọ́n fi èkejì kan ojú ibi tí iná ń gbà wọ sólẹ́nọ́ìdì. Bí gílóòbù bá tàn rekete, iná dé ibẹ̀. Sólẹ́nọ́ìdì ló jóná, tàbí kí ọ̀pá rẹ̀ há, tàbí kó má kan ara ẹ́ńjìnnì dáadáa. Bí kò bá tàn, sólẹ́nọ́ìdì tuntun kò lè ṣe ohunkóhun. Kí wọ́n máa tọ wáyà padà sẹ́yìn: ṣíwíìsì ọ́ìlì, rílé, fíúsì, bọ́tìnì pupa tí ẹnì kan ti lè tẹ̀ láìmọ̀, títí dé ìdí kọ́kọ́rọ́. Kí gílóòbù má sì kúrò níbẹ̀ títí sítátà á fi yí, torí ìgbà yẹn ni bátìrì tó ti gbó máa ń rẹ̀ sílẹ̀, tí agbára rẹ̀ kò ní lè fa ọ̀pá mọ́.

Ó yẹ kí wọ́n ṣe èyí kí ẹnikẹ́ni tó sọdá sí ọjà Ládípọ̀ lọ ra sólẹ́nọ́ìdì tòkunbọ̀. Kì í rọrùn láti dá ẹ̀yà oníná padà fún ẹni tó tà á. Irú èyí tó ní wáyà mẹ́ta tún wà, tí iná tó ń fa ọ̀pá yàtọ̀ sí èyí tó ń dì í mú. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ló yẹ kí iná ńlá tó ń fà á ṣiṣẹ́. Bí irin tó so ọ̀pá mọ́ pọ́ǹpù kò bá gún dáadáa, tí ọ̀pá kò sì wọlé tán, iná ńlá yẹn kò ní já, tuntun náà á sì jóná.

Èyí tó burú jù lọ ni dáírẹ́ẹ̀tì, ìyẹn kí wọ́n fo sólẹ́nọ́ìdì tàbí àwọn ṣíwíìsì rẹ̀ kọjá. Nígbà tí ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀, líta dísù kan kò tó 300 náírà. Kí ọdún náà tó parí, ó ti lé ní 800. Láti ìgbà náà tí epo ti ń gbé owó àtúnṣe mì ni ọ̀nà àbùjá ti túbọ̀ ń wu àwọn oníṣòwò. Mẹkáníìkì á yọ ọ̀pá inú sólẹ́nọ́ìdì dànù, tàbí kó fa wáyà láti bátìrì wá láìgba ara ṣíwíìsì kankan. Jẹnẹrétọ̀ á ṣiṣẹ́ lóòótọ́, inú oníbàárà á dùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọ́ìlì bá jò tán lóru, kò sí ohun tó máa pa á. Nínú mọ́tò oní-pẹtiróòlù, wáyà dáírẹ́ẹ̀tì tó lọ sí pọ́ǹpù lè jẹ́ kí epo máa tú jáde lẹ́yìn tí mọ́tò ti forí sọ nǹkan. Iṣẹ́ burúkú ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gba owó lé e lórí.

Ẹgbẹ́ NATA tó kó àwọn mẹkáníìkì jọ lè ka dáírẹ́ẹ̀tì léèwọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́. LASTVEB tó ń bójú tó àwọn iléèwé iṣẹ́ ọwọ́ ìpínlẹ̀ Èkó náà lè mú àyẹ̀wò gílóòbù yìí wọnú ìdánwò, kí ọmọ iṣẹ́ tọ wáyà láti sólẹ́nọ́ìdì dé ìdí kọ́kọ́rọ́ kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ náà ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún mẹkáníìkì rẹ̀ pé kó tan gílóòbù lójú òun kó tó dárúkọ owó pọ́ǹpù.